Ẹni tí wọ́n sin sínú aṣálẹ̀ kì í ṣe òkú ìgbẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó bébà ayé ìsinsìnyí. Àbúrò mi nílé ló máa ń ya ojú ìwé yín kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, tí yóò fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí àròkọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kú sí òkè òkun. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí a máa dáwó gbé òkú wálé. Ìyẹn kò burú, èmi náà ti dá irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tó ti mú mi bínú ni ibi tó ti sọ pé ẹni tí wọ́n bá sin sí ilẹ̀ òyìnbó ti di òkú ìgbẹ́, pé òyìnbó kì í ka òkú sí, tí wọ́n bá ti bo erùpẹ̀ tán, ó parí nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Alice Springs ni mò ń gbé, àárín gbùngbùn Ọsirélíà. Láti ibẹ̀ dé Darwin lápá àríwá, nǹkan bíi kìlómítà 1,500. Láti ibẹ̀ dé Adelaide lápá gúúsù, nǹkan bíi 1,500 náà ni. Iṣẹ́ máa ń gbé wa lọ sí àwọn abúlé inú aṣálẹ̀, a ó wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lórí ilẹ̀ pupa kí a tó kan ilé. Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti ń rí àwọn sàréè adádó.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, mo ṣe bí ọgbà ewúrẹ́ ni. Irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni wọ́n tò yí i ká, òkúta wẹ́wẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Awakọ̀ wa, bàbá òyìnbó kan tí kì í sọ̀rọ̀, pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ sílẹ̀, ó fa koríko inú ọgbà náà tu, ó wá da omi láti inú ike tirẹ̀ sórí àwo irin kan tí wọ́n kàn mọ́ òpó. Mo ní hẹ̀ẹ́ẹ̀, bàbá yìí ń ta omi sílẹ̀ fún òkú! Mo bi í léèrè. Ó ní rárá o, eruku ló bo orúkọ, òun fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọjá rí i kà. Mo ní ṣé ẹbí yín ni. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, bàbá òun ló máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ tí wọ́n bá ń da màlúù gba ibẹ̀. Eṣinṣin ti bo ojú wa. Ó fi ọwọ́ nu àwo náà, ó padà sídìí ọkọ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn títí a fi dé.

Irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri ilẹ̀ náà. Àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi ń wá inú igbó kiri, wọn yóò tú ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá wò, kí wọ́n lè mọ ẹni tó wà lábẹ́ òkúta wọ̀nyẹn, kí wọ́n sì kan àwo orúkọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ẹni yẹn ní wọn kì í ka òkú sí.

Ẹ gbọ́ ti Charles Gray. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1860, ẹgbẹ́ kan gbéra ní Melbourne láti la Ọsirélíà já dé òkun àríwá, Robert O'Hara Burke ni olórí wọn. Nígbà tí wọ́n dé etí odò Cooper Creek, Burke fi àwọn kan sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ oúnjẹ, òun àti àwọn mẹ́ta ló tẹ̀síwájú: William John Wills, John King, àti Gray yìí, tó ti ṣiṣẹ́ atukọ̀ òkun rí. Wọ́n lọ, wọ́n ń bọ̀, oúnjẹ sì tán lọ́wọ́ wọn. Gray jí ìyẹ̀fun bù jẹ, Burke lù ú. Ó ní ara òun kò yá, wọ́n ní ó ń díbọ́n. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1861, ó kú lóòótọ́. Àwọn mẹ́ta tó kù, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, fi odidi ọjọ́ kan gbẹ́ ilẹ̀ fún olè ìyẹ̀fun yìí, wọ́n sì sin ín. Nígbà tí wọ́n dé Cooper Creek nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 21, àwọn tó ti ń dúró dè wọ́n láti oṣù mẹ́rin ti kó ẹrù wọn lọ. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lọ. Ọjọ́ kan péré, ọjọ́ tí wọ́n fi sin Gray. Burke àti Wills kú sí etí odò náà ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹfà. King nìkan ló yè é, nítorí pé àwọn Yandruwandha, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, gbà á sọ́dọ̀, wọ́n ń fún un ní oúnjẹ títí wọ́n fi wá a rí ní oṣù kẹsàn-án.

Wọ́n padà lọ kó egungun Burke àti Wills wá sí Melbourne, ìjọba sin wọ́n tayẹ̀yẹ-tayẹ̀yẹ ní oṣù kìíní ọdún 1863. Ti Gray wà ní aṣálẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tún wà nínú ìrìn àjò yẹn tí ọkàn mi fà sí jù, bóyá nítorí pé mùsùlùmí ni èmi náà. Dost Mahomet lorúkọ rẹ̀. Òun àti ràkúnmí ló jọ wọ ọkọ̀ òkun wá láti Karachi, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú wọn. Akọ ràkúnmí kan bù ú jẹ, apá ọ̀tún rẹ̀ di aláìwúlò, kò sì padà sílé mọ́ láé. Menindee ló kú sí, ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n sin ín sí, òun nìkan, tó kọjú sí kíbúlà. Mo ti dúró níbẹ̀. Mo ka fàtíà, mo sì ń ronú nípa ẹni tó mọ apá ibi tí Mẹ́kà wà lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan fara balẹ̀ wo oòrùn kó tó gbé òkú sí i.

Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn tó da ràkúnmí wọ ilẹ̀ yẹn, tí gbogbo ayé ń pè ní Afghan bó tilẹ̀ jẹ́ pé Íńdíà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, ni wọ́n ru ẹrù waya tẹ́lígíráàfù, irin ojú ọ̀nà rélùwéè, ìyẹ̀fun àti ṣúgà fún gbogbo aṣálẹ̀. Ní Marree, ìlú kékeré kan ní aṣálẹ̀, ibi mẹ́ta ni wọ́n pín ìtẹ́ òkú sí: ti òyìnbó lọ́tọ̀, ti onílẹ̀ lọ́tọ̀, ti Afghan lọ́tọ̀. Ìyàsọ́tọ̀ kò sinmi nínú ilẹ̀ pàápàá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti James Poole náà. Òun ni igbákejì Charles Sturt, ẹni tó gbà pé òkun ńlá kan wà láàárín Ọsirélíà, tó sì fa ọkọ̀ ojú omi wọ inú aṣálẹ̀ ní 1844. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dá há wọn mọ́ ibì kan tí wọ́n ń pè ní Depot Glen fún oṣù mẹ́fà, kò sí omi níwájú, kò sí lẹ́yìn. Ooru mú débi pé òjé ń já bọ́ nínú pẹ́ńsù, irun orí wọn kò hù mọ́, èékánná wọn ń ṣẹ́ bíi gíláàsì. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ yàrá sí kí wọ́n lè ráyè mí. Àìrí èso àti ẹ̀fọ́ tútù jẹ kó àìsàn bá Poole: èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, kò lè rìn mọ́. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má bàa jókòó lásán, Sturt ní kí wọ́n máa to òkúta jọ sórí òkè kan nítòsí. Nígbà tí òjò wá rọ̀ ní oṣù keje ọdún 1845, wọ́n tẹ́ Poole sínú kẹ̀kẹ́ kí wọ́n gbé e padà sí Adelaide. Kò lọ jìnnà tó fi kú. Wọ́n gbé e padà, wọ́n sin ín sábẹ́ igi kan, wọ́n fi ọ̀bẹ gé JP 1845 sí ara igi náà. Sturt kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ̀ pé ìrántí Poole ni òun ń kọ́ sórí òkè yẹn. Igi náà ṣì wà.

Ti Jimmy Darcy, èmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì kò lè sọ ọ́ kí ara mi má bù máṣọ. Darandaran ni. Ó ṣubú lórí ẹṣin ní 1917, àpò ìtọ̀ rẹ̀ ya, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí Halls Creek. Kò sí dókítà. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń jẹ́ Tuckett ló wà níbẹ̀, ó fi tẹ́lígíráàfù ké sí Dókítà Holland ní Perth, ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 2,000. Dókítà ní kó la ikùn rẹ̀. Tuckett ní òun kò ní irinṣẹ́. Dókítà ní ṣé kò ní ọ̀bẹ àpò ni? Kò sí oògùn tí yóò pa á lára. Holland ń tẹ ọ̀rọ̀ bọ̀ lórí waya, Tuckett ń gé. Lẹ́yìn náà ni dókítà fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun tó ń kó màlúù, ó wọ mọ́tò, ó fi ẹsẹ̀ rìn nígbà tí mọ́tò kọ̀. Ó dé, wọ́n ní Darcy kú lánàá. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ló pa á, ibà ni. Halls Creek ni sàréè rẹ̀ wà. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tí Àlùfáà John Flynn fi pariwo títí dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òfuurufú lọ bá aláìsàn láti Cloncurry ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Iṣẹ́ yẹn ni èmi náà ń jẹ nínú rẹ̀ títí dòní, tí a bá pe ọkọ̀ òfuurufú fún aboyún lóru.

Nípa ìdílé Page, gbólóhùn díẹ̀ ni: bàbá, ìyá, ọmọkùnrin mẹ́ta, wọ́n ṣí wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí àwa náà ṣe ṣí wá. Epo tán nínú mọ́tò wọn lójú ọ̀nà Birdsville ní oṣù Kejìlá 1963, wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀, òùngbẹ pa wọ́n. Sàréè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá, ẹ má fi mọ́tò yín sílẹ̀ láé.

Mi ò wá gbè sẹ́yìn òyìnbó o. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú dókítà kọ́kọ́ gbéra, ní oṣù kẹjọ ọdún 1928 kan náà, wọ́n pa òyìnbó kan tó ń fi pańpẹ́ mú ajá igbó, Fred Brooks, sídìí omi kan ní Coniston, níhà àríwá ìwọ̀ oòrùn ìlú wa. Wọ́n sin ín síbẹ̀. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Murray kó àwọn èèyàn lẹ́yìn, wọ́n gun ẹṣin yí gbogbo agbègbè yẹn ká, wọ́n ń yìnbọn pa àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, Warlpiri, Anmatyerr àti Kaytetye, tọkùnrin tobìnrin. Ìjọba ní èèyàn 31. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní wọn kò jẹ̀bi. Ọdún 2018 ni ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà tó tọrọ àforíjì. Brooks ní sàréè. Àwọn yẹn dà? Tí ẹni tó kọ àròkọ yẹn bá ń wá òkú ìgbẹ́, ibẹ̀ ni kó wò.

Òkúta orí sàréè Flynn pàápàá ní ẹjọ́ lára. Ẹ̀yìn Alice Springs ni wọ́n sin eérú rẹ̀ sí. Wọ́n lọ gbé òkúta ńlá kan ní Karlu Karlu, ojúbọ àwọn Warumungu àti Kaytetye, wọ́n gbé e lé e lórí láìtọrọ. Àwọn onílẹ̀ ń bèèrè rẹ̀ títí, ọdún 1999 ni wọ́n tó dá a padà, àwọn Arrernte, onílẹ̀ Alice Springs, sì fún wọn ní òmíràn láti ilẹ̀ tiwọn. Wọ́n tún fún wọn o! Mo máa ń wò ó tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ohun kan tún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, olóògbé kò kú tán tí a bá ṣì ń ki oríkì rẹ̀. Àwọn Warlpiri kì í dárúkọ òkú. Tí orúkọ rẹ bá bá ti ẹni tó kú mu, Kumanjayi ni wọn yóò máa pè ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ní kíníìkì, mo ké orúkọ obìnrin kan lókè, gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Mo rò pé mo pè é tì ni.

Nítorí náà kí ẹni yẹn rọra. Àwa tí à ń sin bàbá sí iwájú ilé, mélòó nínú wa ló mọ orúkọ àwọn tí mọ́tò pa ní márosẹ̀, tí ìjọba ìbílẹ̀ kó sin?

Èmi ti sọ fún ìyàwó mi. Tí ọjọ́ bá pé síbí, kí wọ́n sin mí síbí, kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni dáwó. Ìtẹ́ òkú ìlú yìí ní apá tí àwọn onírakúnmí wà, tí gbogbo wọn kọjú sí kíbúlà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń fín orúkọ sára òkúta níbí kò mọ àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ orúkọ mi láìsí àmì, orúkọ ẹlòmíràn ni. Mo ti kọ ọ́ sórí bébà gàdàgbà, tàmì-tàmì, tòun ti àmì ìsàlẹ̀, mo fi há inú páàsípọ́ọ̀tù mi.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan ní Alice Springs, Ọsirélíà