Ẹ Fi Ọ̀rọ̀ Àwọn Agbowó Ojú Ọ̀nà Ṣíwájú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àsìkò ètò ìsúná ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò àti onílé-iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti ń to ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin jọ. Ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé kí ìjọba má gba owó orí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun fún ọdún mélòó kan, kí wọ́n yá oníṣòwò lówó, kí iná dúró. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń kó gàrí àti èlùbọ́ láti Òkè-Ògùn wá sí Bódìjà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn agbowó ojú ọ̀nà ṣíwájú.

Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65, a sì dúpẹ́ gidigidi. Ọkọ̀ ń yá báyìí, àmọ́ owó ọkọ̀ kò wálẹ̀ bó ṣe yẹ kó wálẹ̀, nítorí pé káńsù tí a bá sáà ti kàn ló ní àwọn tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n á ní ká ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹrù, wọ́n á tún ní sítíkà ọdún yìí kò sí lára ọkọ̀. Awakọ̀ á fi rìsíìtì hàn, wọ́n á ní ti káńsù tó kọjá nìyẹn. Bó bá jiyàn, wọ́n á yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n á tẹ́ pákó oníṣòó síwájú táyà. Awakọ̀ á san án, á fi lé owó ọkọ̀. Èmi náà á fi lé owó ọjà. Ìyá tó wá ra kóńgò gàrí kan ló ń san gbogbo rẹ̀.

Ó dùn mí pé òfin ti wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1998 ka owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dínà láti gba owó orí níbikíbi ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn rẹ̀ ni ₦50,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. ₦50,000 ọdún 1998 kì í ṣe ₦50,000 òní. Ta ló sì ń fi òfin náà mú wọn?

Òfin ìpínlẹ̀ la fẹ́. Kí ọkọ̀ akẹ́rù sanwó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní báńkì tàbí lórí fóònù, kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33 gbà á, kí wọ́n sì pín owó náà láàárín ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá gba owó lójú títì ti dáràn. Kí ìyà náà má sì mọ sórí ọmọkùnrin tó di igi mú. Kó dé ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó gbé e síbẹ̀, kó dé ọ̀dọ̀ alága tó fún agbaṣẹ́ṣe níwèé. Kí àwọn ẹgbẹ́ wa má gbà kí wọ́n yọ ìyẹn kúrò, torí bí wọ́n bá yọ ọ́, àwọn ọmọ náà á kàn yí ibi ìdúró padà ni.

Wọ́n á ní káńsù kò lówó. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ìdájọ́ yẹn ni kí àwọn alága lépa. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 sì ti sọ ìpín àwọn ìpínlẹ̀ nínú VAT, owó orí tí à ń san lórí ọjà, di náírà 55 nínú ọgọ́rùn-ún, látorí 50. Kí ìpínlẹ̀ kó owó tó lé náà sí ọ̀nà oko. Ìpínlẹ̀ wa wà nínú ètò RAAMP, ètò títún ọ̀nà oko ṣe tí Báńkì Àgbáyé ń kówó sí, àmọ́ ìpínlẹ̀ náà ní láti mú ìdá tirẹ̀ wá.

Ní ti iná, láti ọdún 2023 ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti dá tirẹ̀ ṣe, ó sì yẹ kó wà lára ohun tí a ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lè ra dísẹ́ẹ̀lì. Kò sí ohun tí awakọ̀ lè rà tó máa fi fò kọjá pákó oníṣòó.

Kí àwọn ẹgbẹ́ wa mú awakọ̀ àti ìyálọ́jà dání bí wọ́n bá ń lọ bá àwọn aṣòfin 32 náà. Àwọn rìsíìtì tí wọ́n já fún wa wà lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kó wọn lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀, mo ti ṣe tán láti kó wọn lé e lọ́wọ́.

Oníṣòwò gàrí àti èlùbọ́,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn