Ìdí tí igi tó wó fi ṣì wà níbi tó wó sí

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú àdúrótì. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń sọ bí ẹ bá ń jáde nínú ọgbà ẹyẹ, kòkòrò àti òdòdó wa: pé igbó ti fẹ́ gba ọgbà yìí mọ́ wa lọ́wọ́, pé koríko ti ga dé orúnkún, pé igi ńlá tó wó lójú ọ̀nà adágún ò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá owó òṣìṣẹ́ ni kò tó. Owó òṣìṣẹ́ ń tó o. A mọ̀ọ́mọ̀ fi igi àti koríko náà sílẹ̀ ni, àlàyé sì tọ́ sí yín.

Lọ́dún tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ńṣe la gbá ilẹ̀ yìí bí ẹni ń gbá iwájú ilé. Gbogbo igi gbígbẹ la gé, tí a dáná sun. Ọgbà mọ́ tónítóní, ó sì pa rọ́rọ́. Ilé onílé la ti wó, a ò mọ̀. Ara igi tó ti kú ni àkókó ti ń gbẹ́ ihò tó ń yé sí. Bó bá kó jáde, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ kò le tó láti gbẹ́ igi, títí kan àwọn òwìwí kéékèèké, á kó wọlé. Àdán náà á wá ibi forí pamọ́ sí níbẹ̀. Nígbà tí igi ọ̀hún bá wá wó, olú á hù bò ó, ìdin kòkòrò á máa jẹ ẹ́ nínú, àwọn ẹyẹ á sì máa wá ṣa ìdin náà jẹ. Igi tó bá tóbi lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jẹrà tán, kò sì sí ọdún kan nínú rẹ̀ tí kò ní àlejò.

Ti koríko ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ti rò pé bí ilẹ̀ bá ṣe lọ́ràá tó ni òdòdó á ṣe pọ̀ tó. Irọ́ gbuu ni. Lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, àwọn koríko alágbára díẹ̀ á ga, wọ́n á bo oòrùn mọ́ àwọn ewéko kéékèèké lójú. Ìdí nìyí tí a fi ń kó koríko tí a bá gé kúrò, kó má baà jẹrà di ajílẹ̀ níbẹ̀. A kì í sì í gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀pọ̀ labalábá ló jẹ́ pé ewéko kan tàbí méjì péré ni ìdin wọn lè jẹ. Bí a bá gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹyin àti ìdin bá a lọ nìyẹn.

Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rí nílẹ̀ gbígbẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńkọ́? Oyin ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Irú oyin tó wà láyé lé ní 20,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í gbé nínú agbo, inú ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbẹ́ ilé sí. Wọn kì í wá ìjà. Ẹ ṣáà máa rìn jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá kan fẹ́ fún wa lẹ́ja ọ̀fẹ́ sínú adágún. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹja á jẹ ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ àti ọmọ rẹ̀ tán. Gbígbẹ tí adágún náà ń gbẹ lọ́dọọdún, tí ẹ ń bá wa káàánú lé lórí, òun ni kò jẹ́ kí ẹja ráyè gbé ibẹ̀.

Ti iná alẹ́: a ti yọ èyí tó pọ̀ jù. Àfòpiná tó lóun á pa fìtílà, ara rẹ̀ ló ń pa, bẹ́ẹ̀ òun ló ń bá ọ̀pọ̀ òdòdó tó ń là lóru gbé àtíkè wọn kiri, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tí òdòdó fi ń so èso. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì oníná pupa wá. Kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i.

Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn adágún kọjá yóò wà ní títì títí àwọn òròmọ ẹyẹ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ yóò fi fò. Bí torí rẹ̀ lẹ ṣe sanwó, ẹ sọ fún wa, a ó yí ọjọ́ yín padà láìgba owó kún un. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò sì ní láti gun igi tó wó yẹn: a ti la ọ̀nà tóóró gba ìdí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Onílé ọgbà