Ẹ fi ère idẹ sílẹ̀ níta, ẹni tó ń rà á ni kẹ́ ẹ mú

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní kí wọ́n kó àwọn ère idẹ ńlá inú páàkì Lọ́ńdọ̀nù wọlé kí olè tó kó wọn tán, pé wọn ò kúkú jọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo mọ èyí tí olè gbé.

Two Forms (Divided Circle) lorúkọ rẹ̀. Barbara Hepworth, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe ère, ló ṣe é lọ́dún 1969, ó sì wà ní Dulwich Park, páàkì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láti 1970. Ó ga ju àgbàlagbà lọ, ó dà bí òṣùpá àrànmọ́jú tí wọ́n là sí méjì, tí àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín. Ihò wà lára ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ara rẹ̀ ṣú, ṣùgbọ́n inú ihò ń dán bí ẹ̀gbà ọwọ́ ọlọ́ṣun. Mo máa ń gbé àwọn ìbejì mi lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè yọjú níbẹ̀.

Kò jọ nǹkan kan? Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn n'Ifẹ̀ ńkọ́, ṣé ó lójú, àbí ó nímú?

Òru 19 mọ́jú 20 oṣù Kejìlá 2011 ni wọ́n gbé e lọ. Owó adójútòfò rẹ̀ tó 500,000 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé ṣe ni wọ́n fẹ́ tà á ní irin àlòkù. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyá tó ti kú láti 1975, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n bíi páìpù tó bàjẹ́!

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òfin 2013 ní England àti Wales ní kí oníṣòwò irin àlòkù gba ìwé àṣẹ, kó mọ ẹni tó ń tajà fún un, kó má sì sanwó lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti fún olè lọ́rùn. Bí wọ́n bá ti ère mọ́lé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò rí owó ọkọ̀ kò ní í rí i mọ́.

Lọ́dún 2015, wọ́n gbé iṣẹ́ Conrad Shawcross, oníṣẹ́ ọnà mìíràn, sí páàkì náà, irin dídà tí kò tó owó idẹ lọ́jà àlòkù. Àwọn ọmọdé ń gùn ún, inú mi sì ń dùn. Síbẹ̀, àárò ti Hepworth ṣì ń sọ mí.

Kì í ṣe ẹyọ kan ni wọ́n fi idẹ dà nínú ère náà. Òmíràn wà nínú ọgbà Hepworth fúnra rẹ̀ ní St Ives, ìlú etíkun kan ní England, a sì lọ wò ó. Àwọn ìbejì mi ti dàgbà, wọn ò fẹ́ kí n gbé wọn mọ́. Táyé dúró níwájú, Kẹ́hìndé gba ẹ̀yìn lọ, wọ́n ń gba inú ihò kan náà wo ara wọn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Peckham, Lọ́ńdọ̀nù