Wọn Ò Tíì Dá Yín Tán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àti ẹ̀yin tí àtijẹ-àtimu gbé lọ sí Èkó, Àbújá àti òkè òkun, mo kí yín o. Ẹ kú làálàá.

Gbólóhùn méjì kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ìwà bá délẹ̀. Àwọn kan á ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn." Ẹni tí inú rẹ̀ máa ń tètè ru ló ń sọ ọ́, ẹni tí kò lè tọrọ gáfárà ló ń sọ ọ́, ẹni tí náírà kì í sùn lọ́wọ́ rẹ̀ náà ń sọ ọ́. Àwọn kan á sì ní, "Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ló bà mí jẹ́." Àwọn ti àkọ́kọ́ gbé ẹrù wọn lé Ọlọ́run lórí, àwọn ti èkejì gbé e lé bàbá àti ìyá lórí. N kò tíì rí ẹni tó gbé díẹ̀ sórí ara rẹ̀ nínú wọn. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Mi ò ní pè é ní irọ́ pátápátá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo kọ́ bàbá, mo tún kọ́ ọmọ, mo sì mọ̀ pé nǹkan kan wà tí ọmọ máa ń gbé wáyé. Abiyamọ tó ti bí ju ẹyọ kan lọ kò ní bá mi jiyàn. Ọmọ kan á wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, á máa wo ayé jẹ́jẹ́. Àbúrò rẹ̀ á dé, ará ilé ò ní sùn mọ́. Ọmú kan náà ni wọ́n mu. Ní 1979, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ìbejì tí wọ́n ti yà nípa láti kékeré, tí ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tọ́ dàgbà. Wọ́n rí i pé àwọn tó jẹ́ pé ọlẹ̀ kan ṣoṣo ló pín sí méjì ṣì máa ń jọra gan-an nínú ìwà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jọ jẹun nínú abọ́ kan rí. Bí ẹ bá kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pọ̀, nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwà ẹnì kan àti ẹlòmíràn ni wọ́n lè tọpa rẹ̀ dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìdajì ni o. Àwa tí ìbejì pọ̀ nílé wa náà mọ Táyé àti Kẹ́hìndé tí ìyá wọn fúnra rẹ̀ ń ṣì pè, síbẹ̀ tí ọ̀kan ń ná owó, tí èkejì ń kà á.

Ìdajì tó kù ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí ìjọba Ceaușescu ṣubú ní Ròmáníà ní 1989, aráyé wá rí àwọn ilé tí wọ́n kó ọmọ aláìlóbìí àti ọmọ tí òbí kò lè tọ́ sí. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn alágbàtọ́ kéré sí iye ọmọ débi pé ọ̀pọ̀ jòjòló ló ń sunkún títí tí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Láti 2000, àwọn olùwádìí mú ọmọ 136 nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Bucharest, àwọn tó jẹ́ oṣù 6 sí oṣù 31. Wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ ìdílé tí yóò máa tọ́ wọn. Àwọn tó tètè kúrò, pàápàá kí wọ́n tó pé ọdún 2, ni ara wọn yá jù: wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè sá bá, ọ̀rọ̀ sì yọ lẹ́nu wọn ju ti àwọn tó kù sẹ́yìn lọ. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé, "Ọmọ yìí ṣì kéré, kò mọ nǹkan kan." Ó mọ̀. Ó ń mọ̀ kó tó mọ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Nínú agboolé wa, kí ọmọ tó lè fọ eyín ara rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ pé kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀. Ìyá àgbà á sì mú oríkì rẹ̀ sẹ́nu. Àjọkẹ́, Àkànní, Àṣàbí, Àlàmú. Lẹ́yìn náà ló máa kan orílẹ̀, ohun tí bàbá ńlá ṣe àti ohun tí wọn kì í jẹ. Ọmọ tí imú ń ṣàn lójú rẹ̀ ń gbọ́ pé òun kì í ṣe ẹni tó ṣàdédé yọ láti inú ilẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Charles Cooley kọ ọ́ ní 1902 pé ojú tí a rò pé àwọn ènìyàn fi ń wò wá la fi ń mọ ara wa. "Tí a rò" ni ẹ jẹ́ ká fi sọ́kàn, torí pé ọmọdé lè ṣi ojú àgbàlagbà kà. Bàbá kan á wọlé, gbèsè á ti gbà á lọ́kàn, kò ní dá ọmọ lóhùn. Ọmọ ò mọ gbèsè. Ara rẹ̀ ló máa fi wá ìdí ẹ̀: bóyá bàbá ò fẹ́ràn òun, bóyá òun ti ṣe nǹkan. Bí èyí bá tẹ̀lé ara wọn fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ọmọ náà á dàgbà di ẹni tó ń wojú ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tí àyà rẹ̀ ń já bí ọ̀gá bá ti dákẹ́. Á sì sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe dá òun nìyẹn.

Ẹnu tó ń ki ọmọ láàárọ̀ náà ló ń pè é ní olódo lọ́sàn-án. Mo ti gbọ́ ọ ní ilé àwọn tó pe ara wọn ní onígbàgbọ́, mo ti gbọ́ ọ ní ilé àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà. "Ìwọ yìí ò lè dà bí ẹ̀gbọ́n ẹ láéláé." Ìyá náà ti gbàgbé kó tó gbé ìkòkò kaná. Ọmọ ò gbàgbé. Ọmọ tí wọ́n bá fi ọ̀kánjúà ṣe orúkọ rẹ̀ nílé nítorí ẹran kan ṣoṣo kò ní pẹ́ kó tó máa hùwà orúkọ náà, torí kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ bó bá hu òmíràn.

Ẹ máa ń sọ pé báyìí làkọ́bí ń ṣe, báyìí ni àbíkẹ́yìn ń ṣe. Ní 2015, àwọn olùwádìí yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lára ènìyàn tó lé ní 20,000 ní Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì. Àyàfi àǹfààní kékeré tí àkọ́bí ní nínú ọpọlọ ìwé, wọn ò rí i pé ipò tí wọ́n bí ènìyàn sí ń yí ìwà rẹ̀ padà títí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Lójú tèmi, ohun tó ń yí ọmọ padà ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ jẹ́ àkọ́bí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó pọn àbúrò, tó ń fọ aṣọ, tó ń já ewé ẹ̀fọ́, tí wọ́n ń bá wí bí àbúrò bá ṣubú. Gbogbo ilé ń yìn ín pé ó gbọ́n bí àgbà. Ó wá di ẹni ọdún márùndínlógójì, ó ń sanwó ilé ìwé àbúrò àti ti ọmọ àbúrò, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí lọ́wọ́ òun. Ẹ bi í pé kí ló wù ú jẹ, á bi yín pé kí lẹ̀yin fẹ́. Ẹ ò wá gbọ́dọ̀ pe ìyẹn ní ìwà rere lásán, kí ẹ máa jẹ lára rẹ̀. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí bá sì kàn, ọmọ mi, o lè sọ pé rárá. Àwọn tó máa bínú á bínú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì tún pe ẹ̀rọ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká dé orí tiwa tó jẹ́ Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní Ìjẹ̀bú ahun, wọ́n tún ní Ìjẹ̀bú ni onífàájì, pé kò sí ibi tí òde ti ń dùn tó tiwa. Kí wọ́n mú ọ̀kan! Owó ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó bá wa jà ní Ìmagbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892, orí ọ̀nà tó ti etí ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ òkè ni àwọn bàbá wa jókòó sí, òwò lójú ọ̀nà náà sì ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹni tí òwò ń bọ́, òwò ló fi ń tọ́ ọmọ. Ìyá tó ń tajà ní Òkè-Àjẹ á rán ọmọ ní ṣéńjì, á ní kó kà á lójú òun, á ní kó padà lọ gba náírà tó kù. Á mú díẹ̀ nínú èrè, á dá èsúsú. Ọmọ tó ṣe èyí fún ọdún mẹ́wàá á mọ owó, ì báà jẹ́ ará Kano ló bí i. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n sì tọ́ níbi tí bàbá ti ń fi káàdì ra gbogbo nǹkan kò ní mọ̀ ọ́n, bó ti wù kí oríkì rẹ̀ gùn tó.

Ìtọ́ ọmọ kì í sì í parí sílé. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, níbi ọdún Ojúde Ọba tí a fi ń kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ẹ máa ń ya fọ́tò àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, Gbọ́baníyì, Bọ́bagúntẹ̀, Bọ́bakẹ́yẹ, Jagunmólú àti àwọn yòókù. Ẹ ń wo aṣọ òkè, ẹ ń wo fìlà. Èmi ń wo ẹni ọgọ́ta ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń tọ́ sọ́nà. Ẹgbẹ́ ló lè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Bó o ṣe ṣe ìyàwó ẹ yẹn kò dáa," kó gbọ́, nígbà tí kò ní gbọ́ tọmọ tí kò sì ní bàbá láyé mọ́. Ìdí tí mo fi ń yin Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà nìyẹn, ẹni tó wà lórí ìtẹ́ láti 1960 títí ó fi wàjà ní 2025, pé ó jí ètò yìí dìde nígbà tó ti ń sùn. Ẹ tún wo ọmọdé tí wọ́n gbé sórí ẹṣin láàárín ìdílé Balógun rẹ̀. Kò tíì mọ ìwé kà, ó ti mọ ilé tí òun ti wá.

Ní Rẹ́mọ, ìtàn Awólọ́wọ̀ ni wọ́n máa ń fi bá yín wí. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí i ní 1909, bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ó sì ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ kó tó lè kàwé. Àwọn àgbà á ní, "Ṣé ẹ rí i, ìyà ló ń kọ́ni." N kò bá wọn sọ ọ́. Ìyà ti pa ọ̀pọ̀ tí ẹnì kankan ò kọ ìtàn wọn. Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tó tún ń la pákó, ti fi í sílé ìwé kí ikú tó dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ti mọ ibi tó ń lọ. Ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà ni Táì Ṣólàrín ti dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń roko, wọ́n ń gbálẹ̀, kò sí ọmọ olówó tí ọmọ tálákà ń fọ abọ́ fún. Ṣólàrín ò gba ẹ̀sìn kankan gbọ́, èmi onígbàgbọ́ sì ń gbóríyìn fún un, torí pé ẹni tó jáde níbẹ̀ kì í tijú láti di ọkọ́ mú.

Fóònù náà ti di ará ilé. Ẹ mọ èyí jù mí lọ, mi ò ní tẹnu bọ̀ ọ́ púpọ̀. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé òun náà ń pe ọmọ lórúkọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ló bà yín jẹ́ wá ńkọ́? Bí ẹ bá ní ẹnì kan tó dàgbà jù nínú ìdílé tó ṣì ń rántí nǹkan, ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ bi í bí wọ́n ṣe tọ́ bàbá yín. Ta ló tọ́ ọ? Ṣé ọ̀dọ̀ ìyàwó bàbá ló gbé? Ṣé wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ nígbà tó ń sunkún ìyá rẹ̀? Bíbéèrè kì í ṣe ìdáríjì. Ẹ lè gbọ́ ọ tán kí inú ṣì máa bí yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa rò mọ́ pé torí ẹ̀yin ni bàbá ṣe le. Ẹni tí wọ́n nà títí tó fi gba àpá, tàbí tí ará ilé fọwọ́ kàn níbi tí kò yẹ, èmi ò rán ìyẹn lọ bi ẹnikẹ́ni ní ìtàn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé, ìwà ìkà ni. Kó sọ ọ́ fún dókítà tàbí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "bo àṣírí ìdílé" pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara yín, ilé méjì ló pàdé nínú yàrá yẹn. Ọ̀kan wá láti ibi tí wọ́n ti ń pariwo bí inú wọn bá dùn, èkejì wá láti ibi tó jẹ́ pé ariwo túmọ̀ sí pé ìjà dé. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yín, kí ẹ tó sọ pé ìkà lẹni kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti bímọ, ẹ máa fetí sí ohùn tó ń jáde lẹ́nu yín nígbà tí inú bá bí yín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ máa bá ìyá yín pàdé níbẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà àti èébú kan náà. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé òun ni, ẹ lè ní kó dúró díẹ̀.

Iléyá tàbí Kérésì tó ń bọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ wálé, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ má sì máa pè ní wákàtí wákàtí. Kí wọ́n bá a rin ewùrà ìkọ́kọrẹ́, kí wọ́n gbọ́ oríkì wọn, kí wọ́n gbọ́ Ìjẹ̀bú lẹ́nu ẹni tó ni ín. Bí ewùrà bá ń yún wọn lọ́wọ́, epo pupa díẹ̀ ni kí wọ́n fi ra á.

Èmi ni,
Ìyá yín ní Ìjẹ̀bú-Òde.