Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ Lórí Ìdánrawò Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Orí Ayélujára

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ, àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O bèèrè bóyá kí o gbà kí yunifásítì rẹ ní Amẹ́ríkà fi ọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ orí ayélujára fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe, ìyẹn ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, ìdánrawò tí àwa níhìn-ín ń pè ní TP, tàbí kí o dúró de àyè níbi tí wàá ti máa rí àwọn ọmọ lójúkojú. Èsì mi ni pé kí o gbà á, ṣùgbọ́n kí o má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan títí wàá fi mọ ẹni tí yóò máa mójú tó iṣẹ́ rẹ, àti bóyá wọn yóò jẹ́ kí o bá àwọn òbí ọmọ ṣiṣẹ́ ní tààrà.

O ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kan ń sọ pé irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ gidi. Má dá wọn lóhùn. Láti 1997 ni Florida Virtual School, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba orí ayélujára ní ìpínlẹ̀ Florida, ti wà. Òfin IDEA tí ẹ ń lò níbẹ̀, èyí tó fún ọmọ tó ní ìpèníjà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ tó bá a mu, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1975, de ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba orí ayélujára gẹ́gẹ́ bó ṣe de èyí tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì kọ ìwé ní oṣù kẹjọ ọdún 2016 láti fi èyí yé gbogbo ìpínlẹ̀. Ọmọ tí a ti kọ ìwé IEP fún, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ àti ìrànlọ́wọ́ tí a kọ fún òun nìkan, kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí pé inú ilé ìyá rẹ̀ ló jókòó sí. Àwọn olùkọ́ ni wọn kò tíì kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń tọ́ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ìdá 1.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe ìdánrawò ní ilé-ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Ọdún kẹjọ sí i ni àrùn kòrónà dé, tí àwọn olùkọ́ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà láì mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ náà rántí bó ṣe rí níhìn-ín ní 2020. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Kí ni ọmọ adití fẹ́ fi rédíò ṣe? Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ti wà nílẹ̀ nígbà náà, síbẹ̀ àwọn ọmọ wa jókòó sílé lásán. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí àyè yìí bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, fi ọkàn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àkànṣe níhìn-ín, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé ni púpọ̀ nínú wa ti ṣiṣẹ́. Òbí a mú ọmọ rẹ̀ wá láti Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, a fi í sílẹ̀, ó di ìparí sáà. Olùkọ́ ló mọ bí ọmọ ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, ohun tó ń bí i nínú. Ìyá tó bí i gan-an kì í gbọ́ èdè ọwọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sọ. Lórí ayélujára, òdìkejì rẹ̀ ni wàá bá. Òbí tàbí ìyá àgbà tó jókòó ti ọmọ ló ń rí i láti òwúrọ̀ dalẹ́, ìwọ kò sì ní rí ju ojú àti èjìká rẹ̀ lọ fún ìwọ̀n àkókò tí ẹ̀kọ́ fi ń lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ìmọ̀ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ, ọmọ wà lọ́wọ́ wọn. Bí o kò bá mọ bí a ṣe ń bá wọn ṣe é, o kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibi tí ó ti máa ń le jù ni ti ìdáhùn tí kì í ṣe ti ọmọ. Ìyá yóò rí i pé ọmọ ń pẹ́ kó tó dáhùn, àánú yóò ṣe é, yóò tọ́ka sí èyí tó tọ̀nà tàbí kó tẹ̀ ẹ́ fún un. Ìwọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, wọn yóò sì tìtorí rẹ̀ dín ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kù nígbà tí wọ́n bá tún IEP rẹ̀ yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀. Má ṣe bá ìyá náà wí lójú ọmọ rẹ̀, má sì ṣe pè é ní èké nínú ọkàn rẹ. Kọ́ ọ bí a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ìrànlọ́wọ́ tó ṣe: ṣé ẹnu ló fi sọ fún ọmọ, ṣé ó tọ́ka ni, ṣé ó di ọwọ́ ọmọ mú, àbí ọmọ dá a ṣe? Tí o bá ti jẹ́ kó yé e pé kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sọ òtítọ́ fún ọ, òtítọ́ yẹn ni wàá sì fi mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ dín kù. Kí o máa kí wọn dáadáa kí o tó bèèrè iṣẹ́. Ìyá tó ṣiṣẹ́ òru kó tó wá jókòó ti ọmọ rẹ̀ yẹ ní kíkí.

Bí ọmọ adití bá wà nínú kíláàsì rẹ, jókòó jìnnà sí kámẹ́rà díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ lè hàn láti ìbàdí dé orí, má sì ṣe jẹ́ kí fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà, ọwọ́ yóò máa já ní àárín ọ̀rọ̀. Dúró, tún un sọ. Má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ sí abẹ́ fídíò láì kọ́kọ́ kà á wò, nítorí ó máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ọmọ tí kò ríran lè fi NVDA lórí kọ̀ǹpútà tàbí TalkBack lórí fóònù, àwọn ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè, gbọ́ ohun tó wà lójú ẹ̀rọ bí o bá kọ àlàyé sí àwòrán rẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àmì mẹ́fà ti Braille, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà, nílò ọwọ́ olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, n kò sì mọ ẹ̀rọ tó lè rọ́pò ìyẹn. Bèèrè bóyá olùkọ́ kan wà tó ń lọ sí ilé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o tẹ̀ lé e lọ.

Ẹni tí yóò máa mójú tó ọ ló kù. Olùkọ́ tó ní ìwé-àṣẹ ẹ̀kọ́ àkànṣe ni kó jẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́lọ́wọ́, tí yóò máa wọlé wo bí o ṣe ń kọ́ wọn, tí yóò sì jẹ́ kí o jókòó níbi ìpàdé IEP kí o lè gbọ́ bí a ṣe ń bá òbí sọ ìròyìn tí kò dùn. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ nìkan ni wàá máa máàkì, kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ká fídíò ẹ̀kọ́ rẹ sílẹ̀, rí i pé ìyọ̀ǹda àwọn òbí wà nínú ìwé, má sì jẹ́ kí ojú ọmọ kankan wọ inú fóònù rẹ. Kí o sì gba ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń fún olùkọ́ ní àṣẹ ní ìpínlẹ̀ yín pé wọn yóò ka wákàtí tí o bá lò níbẹ̀ mọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Fi orúkọ olùkọ́ náà àti irú àwọn ọmọ tó ń kọ́ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ àwọn adití ni, pè mí lórí fídíò ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí a jọ wo bí ọwọ́ rẹ ṣe ń hàn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.