Bọ́sẹ̀, ẹ má tíì fi abẹ kàn án

Akúrẹ́

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé ooru Sókótó ò mú ọ jù? Mo ti ka ohun tí o kọ nípa ọmọ ọdún mẹ́rin tí ọrùn rẹ̀ wú. Jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ la kókó yẹn kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́.

Bó bá wà láàárín ọrùn, ní kí ọmọ náà gbé itọ́ mì, kó sì yọ ahọ́n síta. Bó bá ń gòkè bí ahọ́n ṣe ń jáde, thyroglossal cyst ni kí o kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn àpò omi tó ṣẹ́ kù lójú ọ̀nà tí thyroid (ẹṣẹ́ kan nínú ọrùn) gbà sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí ahọ́n. Dermoid, àpò tí awọ ara di sínú, kì í sábà bá ahọ́n lọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níwájú iṣan ńlá ọrùn, branchial cyst ló sábà máa ń jẹ́, àpò omi tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí ọmọ wà nínú oyún. Bó bá wà lẹ́yìn iṣan náà, tó rọ̀, tí iná tọ́ọ̀ṣì sì ń tàn kọjá nínú rẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, cystic hygroma ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn àpò omi ara (lymph) tí a bí mọ́ ọmọ.

Àwọn tó ṣọ̀wọ́n ló ń tan dókítà jẹ. Thymic cyst, àpò omi láti ara thymus (ẹṣẹ́ kan nínú àyà), sábà máa ń wà lápá òsì, ó sì lè wọnú àyà lọ, nítorí náà skáànù ọrùn (ultrasound) nìkan ò tó, ẹ ṣe CT tàbí MRI, àwọn àwòrán tó ń fi inú àyà hàn. Bí ọyún bá ń gbá jọ sọ́rùn òsì léraléra, níbì kan náà, ẹ wá ihò tó ti pyriform sinus, kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, wá. Ẹ jẹ́ kí ó rọlẹ̀ ná, kí ẹ tó ṣe barium swallow, ìyẹn X-ray tí wọ́n ń yà bí ọmọ ṣe ń gbé omi barium mì.

Ẹ má gbàgbé ikọ́ ife (TB) o, ó lè mú kókó ọrùn wú. Bí kókó bá rọ̀ tí kò gbóná, ẹ gba ibi tí awọ ara ti le dáadáa fi abẹ́rẹ́ fa omi rẹ̀, kí ẹ fi ṣe GeneXpert, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife. Bí ẹ bá là á, ojú ọgbẹ́ náà lè máà tètè jiná. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn òbí mìíràn ti sín gbẹ́rẹ́ sí i kí wọ́n tó gbé ọmọ wá. Ó máa ń mú kí ara lẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ abẹ á sì le.

Bó bá jẹ́ thyroglossal, skáànù gbọ́dọ̀ fi hàn pé thyroid wà ní àyè rẹ̀, torí nígbà mìíràn kókó yẹn gan-an ni thyroid kan ṣoṣo tí ọmọ ní. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní Sistrunk ni tirẹ̀: ẹ yọ àpò omi, àárín egungun hyoid tó wà lókè ọ̀fun, àti ojú ọ̀nà rẹ̀ títí dé ìdí ahọ́n. Bí wọ́n bá yọ àpò nìkan, ó lè padà lára nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ. Bó bá ń gbóná, ẹ lo oògùn apakòkòrò, ẹ fi abẹ́rẹ́ fà á bó bá kún, kí ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó ṣiṣẹ́ abẹ.

Hygroma tó ní àpò ńláńlá máa ń gba abẹ́rẹ́ bleomycin, oògùn tí a ń fún sínú àpò náà kó lè sún kì, dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró torí oògùn náà lè bà á jẹ́. Bó bá ṣàdédé wú, tí ọmọ ń mí pẹ̀lú ariwo, ẹ kọ́kọ́ rí sí èémí rẹ̀. Skáànù lè dúró.

Fi àwòrán skáànù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n bo orúkọ ọmọ náà.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Fúnmi