Ìwé Àkọsílẹ̀ Awakọ̀ Mi: Lẹ́tà Onílọ́rì Kan sí Olóòtú

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìròyìn yín kú iṣẹ́ takuntakun. Láti ìgbà tí mo wà ní Kàdúná, kí n tó kó wá sí Suleja, ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ṣùgbọ́n n kò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tí ó mú mi gbé kálàmù ni ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń jáde nínú ìròyìn nígbàkúùgbà tí tòmátì, àlùbọ́sà tàbí ẹ̀wà bá wọ́n lọ́jà: wọn a ní owó ọkọ̀ ni ó fà á, oníṣòwò a nawọ́ sí onílọ́rì, oníbàárà a gbé onílọ́rì ṣépè, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Onílọ́rì ni mí. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo ní, mẹ́rin ni wọ́n tẹ́lẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín mọ ibi tí owó tí wọ́n ń pariwo lé lórí ń wọlé sí, nítorí pé kì í ṣe àpò mi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé dísẹ́lì ni gbogbo ìṣòro wa. Dísẹ́lì wọ́n lóòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, lítà kan kò tó 300 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje ọdún kan náà, ó ti kọjá 700, kò sì padà sí iye tí a mọ̀ ọ́n sí mọ́. Àwọn kan rò pé ìkéde tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ni ó kó wa sí wàhálà, ṣùgbọ́n epo bẹntiróòlù ni ìkéde yẹn kàn. Ó ti pẹ́ tí dísẹ́lì ti kúrò lábẹ́ owó ìrànwọ́. Ohun tí ó bá wa gan-an lọ́dún yẹn ni bí náírà ṣe já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà, nítorí pé òkè òkun ni ẹ́ńjìnnì, gíà àti ọ̀pọ̀ táyà wa ti ń wá. Táyà 22 ni ó wà lábẹ́ èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn ọkọ̀ mi. Ẹni tí ó bá mọ iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan báyìí kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń ra tòkúnbọ̀.

Síbẹ̀, n kò ka dísẹ́lì sí ọ̀tá. Iye tí mo ń rà á ni ẹlòmíràn ń rà á, mo lè ṣírò rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, mo sì lè kà á mọ́ owó tí mo bá oníṣòwò ná. Ohun tí n kò lè ṣírò ni ó ń pa iṣẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrìn àjò kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ọkọ̀ mi kan kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Kadawa, ní ìpínlẹ̀ Kánò, ó ń gbé e lọ sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí oòrùn bá pa á fún ọjọ́ méjì gbáko lórí ìdúró, omi ni ènìyàn yóò já sílẹ̀ lọ́jà. Ìdí nìyí tí awakọ̀ méjì fi máa ń bá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọ̀kan máa sùn nígbà tí èkejì bá ń wà á. Ọ̀nà Birnin Gwari tí ó já sí Mokwa, tí àwọn tí ó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí máa ń gbà, àwọn ajínigbé ti lé èmi kúrò níbẹ̀. Kàdúná sí Àbújá, Àbújá sí Lọ́kọ́jà, ni àwọn ọkọ̀ mi ń tọ̀ báyìí.

Ní ibì kan tí n kò ní dárúkọ, àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà kan gbé pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́ dí ọ̀nà. Wọ́n ní agbowó-orí ìjọba ìbílẹ̀ ni àwọn. Wọ́n béèrè ìwé owó ẹrù, awakọ̀ mi fi hàn wọ́n. Wọ́n béèrè sítíkà ìpolówó, nítorí pé orúkọ ilé iṣẹ́ mi wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fi èyí náà hàn wọ́n. Wọ́n wá béèrè sítíkà rédíò. Awakọ̀ ní ọkọ̀ náà kò ní rédíò, pé ó ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí Alájì, ìyẹn èmi, sì ti ní kí wọ́n yọ ọ́ sọnù. Wọ́n yọjú wo inú ọkọ̀, wọ́n ní ihò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nítorí ihò yìí ni ọkọ̀ tí ó kó tòmátì fi dúró sínú oòrùn láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí awakọ̀ fẹ́ fún wọn bí owó goro, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibí ṣe ń pè é, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n tú nọ́ńbà ọkọ̀, wọ́n sì gbé e lọ. Ọkọ̀ sùn síbẹ̀. Nígbà tí ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi 30,000 náírà ránṣẹ́ láti orí fóònù mi, kì í sì í ṣe àkáǹtì ìjọba ìbílẹ̀ kankan ni wọ́n ní kí n san án sí, bí kò ṣe ti ẹnìkan.

Oníṣòwò tí ó gba ẹrù ní Mile 12 ka apẹ̀rẹ̀ tí ó ti jẹrà, ó yọ owó wọn kúrò nínú owó ọkọ̀ tí ó ṣẹ́kù. N kò bá a jà. Òun náà ra ọjà rẹ̀ ni, apẹ̀rẹ̀ tí kò bàjẹ́ ni ó sì fi owó èyí tí ó bàjẹ́ lé lórí fún àwọn tí ó wá rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ọkọ̀ tí ẹ ń kọ nípa rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n máa kọ ibi tí wọ́n bá ti dá wọn dúró, iye tí wọ́n gbà, àti bóyá wọ́n já ìwé kankan fún wọn. Nínú ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀, wọ́n dá ọkọ̀ dúró ní ìgbà 38. Ìgbà 11 péré ni wọ́n fún wa ní nǹkan tí a lè pè ní rìsíìtì, méjì nínú wọn kò sì ní déètì. Àwọn tí ó wọ aṣọ ìjọba wà nínú àwọn tí ó gbowó, àwọn tí kò wọ nǹkan kan tí a lè fi dá wọn mọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ni pé òfin ti wà. Ní ọdún 1998 ni wọ́n ti ṣe òfin tí ó ka àwọn owó orí tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì sọ ọ́ láìfi bò pé ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn agbowó-orí ìjọba fúnra wọn, kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí nítorí àtigba owó orí. Ìjìyà tí ó wà níbẹ̀ ni owó ìtanràn 50,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Owó ńlá ni 50,000 lọ́dún 1998. Lónìí, àwọn onípákó lè pa á kí oòrùn tó kan àtàrí.

Àwọn kan yóò sọ pé onílọ́rì náà kò mọ́, pé àwọn ọkọ̀ wa ti gbó, pé wọ́n ń pa ènìyàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ agbépo kan dojú dé ní Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, iná sì sọ mọ́ àwọn tí ó ń bu epo, tí àwọn tí ó kú fi ju 150 lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oríta Dikko, lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ mi ń gbà. N kò lè sọ pé iná irú èyí kò lè ti ọwọ́ onímọ́tò wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí owó ojú ọ̀nà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó dá mi dúró, tí ó sì gba 3,000 náírà, kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bíréèkì san 3,000. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní bíréèkì rárá san 3,000, àwọn méjèèjì sì jọ kọjá. Lẹ́yìn ọdún kan, kí ni ẹni àkọ́kọ́ rí gbà fún bíréèkì tí ó rà? Owó tí ó yẹ kí n kó fún mẹkáníìkì mi ni mò ń kó fún wọn. Ọkọ̀ kẹrin mi tí mo tà, kì í ṣe pé kò lè rìn mọ́, n kò kàn rí owó tún un ṣe dé ibi tí ọkàn mi fi lè balẹ̀ bí ó bá gbéra. Mo ń gbọ́ pé ẹni tí ó rà á ń lò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé ọwọ́ èmi náà mọ́. Kí awakọ̀ tó kúrò ní gáréèjì, mo máa ń ka owó fún un sínú àpò ìwé, a ń pè é ní owó ọ̀nà, a sì mọ ohun tí ó wà fún. Mo ti kó ẹrù ju bí ó ti yẹ lọ rí, kí n lè rí owó ọ̀nà yìí san, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹrù tí ó pọ̀ jù yẹn gan-an ni ó sọ mí di ẹni tí gbogbo wọn lè mú lójú ọ̀nà, tí mo sì tún ní láti san sí i.

Ilé iṣẹ́ tí ó ní ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ kì í jìyà bẹ́ẹ̀. Ó ní agbẹjọ́rò, ó ní ẹni tí ó ń bá a lọ sí ọ́fíìsì gómìnà. Orí àga ni ó ti ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ni èmi ti ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, ní aago méjì òru, láti orí fóònù awakọ̀. Báńkì kì í gbọ́ tèmi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, a sì mọ̀ pé báńkì tí ń yáni lówó yóò fi tirẹ̀ lé e.

Ìgbà kan wà tí wọ́n fetí sí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ dúró ní Jẹ́bà, oúnjẹ kò sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú àwọn ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ìjọba kó àwọn ìdènà tí a ti ń fìyà jẹ wọ́n lójú ọ̀nà kúrò. N kò fara mọ́ kí a fi ebi jẹ ọmọlàkejì nítorí ẹ̀sùn kankan, àwọn ẹbí mi wà ní Ìbàdàn nígbà náà tí àlùbọ́sà di góòlù. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ó pẹ́ kí ìdènà tó padà bò ojú ọ̀nà tán: bí oṣù méjì.

Ohun tí mo ń béèrè kò tóbi. Kí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ tí ọ̀nà yìí là kọjá jọ fohùn ṣọ̀kan pé ibi tí a ti kó ẹrù ni a ó ti san owó ẹrù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sí àkáǹtì ìjọba, pẹ̀lú rìsíìtì tí ó ní nọ́ńbà tí ọlọ́pàá lè fi fóònù yẹ̀ wò. Kí agbowó-orí tí ó bá ní ẹ̀tọ́ sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Suleja, kì í ṣe kí ó dúró de awakọ̀ mi nínú igbó. Kí kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì fi òfin ọdún 1998 mú ẹnìkan péré, kí a gbọ́ pé wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ sí yín. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ọkọ̀ mi kan yóò lọ kó àlùbọ́sà ní Sókótó, yóò sì gbé e lọ sí Èkó. Mo ti ya 70,000 náírà sọ́tọ̀ fún ohun tí òfin sọ pé kò gbọdọ̀ sí, mo sì ti fa ilà sínú ìwé àkọsílẹ̀ tuntun. Àyè ẹnìkan wà ní iwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bí ẹ bá lè rán akọ̀ròyìn kan wá, òun ni kí ó mú ìwé náà dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Onílọ́rì kan,
Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger.